Àwọn Gúùdù Tí Mo Fún Wilf

Ojúlé 14, Òpópónà Ilé-Òwú,
Cragdale, Yorkshire.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014.

Rowena, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ rẹ obìnrin àti ọkọ rẹ̀, mo sì kí oòrùn ilẹ̀ Pọtogí tó ń bá ọ tọ́jú eegun rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé orí ìjókòó ni lẹ́tà yìí máa bá ọ, kì í ṣe orí ibùsùn àìsàn. Tí o bá ń béèrè mi, ara mi le. Orúnkún òsì nìkan ló ń ṣe bí ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́, mo sì ti bá a wí títí, ó ti sú mi.

Mo mọ̀ pé mo ti pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo fà á ya. Fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí n tún máa gbọ́ bí o ṣe ń mí lódìkejì. Ọ̀rọ̀ Wilf ni. Kò kú o, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Ṣùgbọ́n o rántí ọjọ́ tí o ń lọ, tí takisí ń dúró dè ọ́, o di ọwọ́ mi mú, o ní, "Glenys, bá mi máa fojú sí Wilf. Ìwọ nìkan ló kù tó jókòó sítòsí ẹ̀." Mo ní kí o fọkàn balẹ̀. Mo fojú sí i lóòótọ́, Rowena, èmi náà ni mo sì ba nǹkan jẹ́ fún un. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ilé Ọtí Àgbò ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí aago mẹ́jọ bá ti lù fún ìdíje ìbéèrè wa, Clifford á gbé makirofóònù rẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń koná, á sì kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ abéèrè ni ìparí ọ̀rọ̀, kódà bí abéèrè bá ṣì í. Àwọn tíṣà ṣì wà lábẹ́ fèrèsé, Ọ̀gbẹ́ni Pemberton ni olórí wọn títí dòní. Ìdájọ́ ni wọ́n ń wá ṣe, kì í ṣe eré. Lọ́sẹ̀ kan Clifford sọ odò tó gùn jù láyé, Pemberton na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ó sinmi lórí ibi téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n." Clifford dá a lóhùn pé, "Ibi tó o jókòó sí yẹn ni kó o ti wọ̀n ọ́n, Pemberton, kó o máa rìn lọ." Tọkọtaya Sugden náà ò tíì jáwọ́. Ìyàwó á sọ ìdáhùn, ọkọ á kọ tara rẹ̀ sílẹ̀. Bí tìyàwó bá lọ jẹ́ òtítọ́, wọn ò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ìtọ̀ máa ń gbọ̀n bí ìbéèrè bá ti le. Ọ̀kan á sáré lọ sẹ́yìn pẹ̀lú fóònù lápò, á padà dé pẹ̀lú ọgbọ́n Sólómọ́nì.

Ẹgbẹ́ tiwa, Aláìmọ̀kan, náà ò yí padà. Èmi, Maxine ìyàwó àbúrò mi, àti Stuart aládùúgbò wa. Stuart ṣì ni olórí ẹgbẹ́ mo-mọ̀-ọ́n-tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn á jáde tán, á fọwọ́ lu tábìlì, á ní, "Ó wà lẹ́nu mi! Ẹ ò rí i pé ó wà lẹ́nu mi?" Maxine á ní, "Bíà ló wà lẹ́nu ẹ, Stuart. Gbé e mì." Maxine gan-an ló sì mọ nǹkan nínú wa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, ìgbà tá a bá ti kọ èyí tí kò tọ̀nà tán la máa ń rántí pé ó ti sọ̀rọ̀.

Tábìlì yín ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, o mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ Tábìlì Mẹ́rin lẹ pe ara yín, kò sì sí ẹgbẹ́ tó dà bíi yín nílùú yìí. Norman ló ni bọ́ọ̀lù, kíríkẹ́ẹ̀tì àti ogun. Beryl ọ̀rẹ́ mi láti kékeré níléèwé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, òun ló ni orin, fíìmù àtàwọn ọba. Ìwọ lo ni ohun gbogbo tó ń hù látinú ilẹ̀ àti gbogbo odò tó ń bomi rin ín. Wilf ló ń di bírò mú. Ẹ̀yin mẹ́ta á máa jiyàn, òun á dákẹ́, á wo ojú yín lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì kọ. Mo máa ń sọ fún Maxine pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣì í.

Norman kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn náà Beryl, lẹ́yìn náà ìwọ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ, bó ti yẹ kó rí. Wilf ò dẹ́kun wíwá. Òun nìkan á jókòó sídìí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin, á gbé bírò tí Beryl so òwú pupa mọ́ sórí ìwé, á sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sókè bíi tàtẹ̀yìnwá. Clifford bẹ̀ ẹ́ pé kó dara pọ̀ mọ́ wa. Ó ní, "Mo ní tábìlì tèmi. Àwọn yòókù kàn pẹ́ lójú ọ̀nà ni." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni mo pè é.

Nínú oṣù kẹta, ó gba ṣíbí igi ní ìgbà mẹ́ta léraléra. O rántí àṣà burúkú yẹn, pé ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn á dìde dúró, gbogbo ilé á sì máa pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń lọ gbà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn kígbe pé, "Bàbá, ẹ ti ní ṣíbí mẹ́ta, ó ku ìkòkò!" Wilf rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i tó fi ṣíbí náà pamọ́ sábẹ́ fìlà rẹ̀.

Tábìlì méjì tó súnmọ́ra ló ń pààrọ̀ ìwé láti máàkì, nítorí náà ọwọ́ mi ni ìwé Wilf máa ń bọ́ sí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin, Clifford ń ka ìdáhùn, mo ń máàkì. Ìdáhùn kìíní kò tọ̀nà. Ìkejì ò tọ̀nà. Mo dé ìkẹta, ìyẹn nípa ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù kan, mo bá ohun tí Wilf kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé: "Norman mọ̀ ọ́n." Mo wo ìsàlẹ̀. "Beryl mọ̀ ọ́n." "Rowena mọ̀ ọ́n." Orúkọ rẹ nìkan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, Rowena, mo kà á. Bírò mi dúró sókè. Mo wo Wilf, ó ń mu bíà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo bá fún un ní gúùdù, bí ẹni pé ó tọ̀nà. Mo fún un ní òmíràn. Mo fún un títí ó fi kọjá ibi ṣíbí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mo mọ bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, kó máa ṣe ipò karùn-ún tàbí ìkẹfà nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Maxine rí mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Glenys, ìyẹn ò dáa," pẹ̀lú ohùn kékeré rẹ̀ yẹn, mo sì ṣe bí a ti máa ń ṣe sí Maxine. Mi ò ní parọ́ fún ọ, inú mi ń dùn sí ara mi. Bí mo bá ń lọ sílé, màá máa rò ó pé mo ń pa ìlérí mi mọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Wilf ń gé igun ìwé náà, níbi tí a ń kọ àpapọ̀ máàkì sí, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù rẹ̀. Duncan ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá láti Leeds, nítorí pé kẹ́tùlù ti jó lẹ́ẹ̀mejì, aládùúgbò sì ti gbọ́ òórùn gáàsì. Ó fẹ́ mú un lọ fún àyẹ̀wò ọpọlọ. Wilf mú kàlẹ́ńdà sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Ó ní, "Wò ó fúnra ẹ. Mẹ́sàn-án lóṣù kẹta, mẹ́tàdínlógún lóṣù kẹrin, mẹ́tàlélógún lóṣù karùn-ún. Ṣé bí orí ẹni tó ń dàrú ṣe ń gòkè nìyẹn?" Duncan wò ó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó padà sí Leeds. Duncan fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò bínú. Ìbá dára ká ní ó bínú. Wọ́n ní oògùn kan wà tó máa ń fa àìsàn ìgbàgbé náà sẹ́yìn díẹ̀ bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tètè bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kẹfà lọ́rọ̀ náà dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí ooru. Clifford ti mú ìbéèrè tó le bí òkúta wá, torí pé Pemberton ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí náà kò sí ẹgbẹ́ tó rí máàkì kó jọ. Apá kìíní àti ìkejì ìwé Wilf burú débi pé mẹ́rin mẹ́rin péré ni mo lè fún un láìtijú. Ẹ̀rù ṣíbí bà mí. Nígbà tó di apá kẹta, mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo fi márùn-ún sí ìkẹrin, mo ṣírò rẹ̀ sí méjìlélógún, mo fi ránṣẹ́ sí Clifford.

Mi ò wo ìràwọ̀. O mọ̀ pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fa ìràwọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá tó bá dá a lójú jù, kí abéèrè lè sọ máàkì apá yẹn di ìlọ́po méjì. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Wilf ti ń gbàgbé láti fà á, èmi náà sì ti gbàgbé láti máa wò ó. Lọ́jọ́ yẹn ó rántí. Ìràwọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá kẹta, ó fà á dáadáa, igun rẹ̀ márààrún pé. Clifford ṣe ìlọ́po, ó wo ìwé, ó tún un wò, ó wá gbé makirofóònù sókè. Ó ní, "Àwọn tíṣà, ọgbọ̀n. Ẹsẹ̀ Tábìlì Mẹ́rin, mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Gbogbo ilé dìde. Àwọn ọ̀dọ́ ìbánigbófò ń fọwọ́ lu tábìlì, Sugden àti ìyàwó rẹ̀ di ara wọn mú, Stuart ń sunkún, ó ń sọ pé òun mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé àwo ẹran tí alápatà máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá borí jáde. Wilf dìde, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Bóyá ìṣẹ́jú méjì ni ayọ̀ yẹn gbà. Mi ò rí i kó yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Beryl ti kú.

Lẹ́yìn náà ni Clifford mú ìwé náà láti kà á sétí ilé. Òfin ni, ìwé ẹgbẹ́ tó bá borí gbọ́dọ̀ di kíkà kó tó gbé ẹran lọ, Norman wa yìí náà ló sì fi dandan lé e nígbà tí fóònù kọ́kọ́ dé. Mo dìde. Mo ní, "Clifford, fi sílẹ̀ lónìí. Ẹran ń yọ́." Pemberton ní, "Òfin lòfin, Glenys. Bó bá jẹ́ àwa la borí, ṣé ẹ máa fi sílẹ̀?" Òótọ́ ló sọ, mo bá jókòó padà.

Apá tí ìràwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Clifford bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ìkíní. Odò wo ló gba ìlú Vienna kọjá? Ìdáhùn: Rowena mọ̀ ọ́n." Ẹ̀rín sọ. "Ìkejì. Igi wo ni wọ́n fi ń gbẹ́ igi kíríkẹ́ẹ̀tì? Ìdáhùn: Rowena mọ̀ ọ́n, tàbí Norman." Ẹ̀rín dínkù. "Ìkẹta. Ọbabìnrin wo ló jọba fún ọjọ́ mẹ́sàn-án péré? Ìdáhùn: Beryl mọ̀ ọ́n, ó ń bọ̀ wá." Clifford wo ìyókù ojú ìwé náà, ó sì fọwọ́ bo makirofóònù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Wilf ní, "Kí ló dé tó o dúró? Gúùdù ni gbogbo wọn." Ó rìn lọ bá Clifford, ó gba ìwé náà, ó kà á látòkè délẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kà á tán. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí tábìlì wa.

Ó ní, "Ìwọ lo máàkì í, Glenys?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn?"

Mo lè parọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n pa dáadáa nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò mí nìyẹn, ojú tó fi máa ń wò yín lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, Wilf."

Ó mi orí, bó ṣe máa ń mi orí bí ọwọ́ bá ti tẹ ìdáhùn tó tọ̀nà. Pemberton dìde, ó ní kí wọ́n fún un lẹ́ran o jàre, àwọn ò jiyàn. Wilf ò wo ibi tí ẹran wà. Ó gbé bírò olówùú pupa yẹn síwájú mi, ó ní, "Gbà á. Ìwọ lò ń dáhùn látọjọ́ yìí." Ó jáde, ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga. Kò padà wá síbẹ̀ mọ́.

Duncan ní òun bá kàlẹ́ńdà náà nínú pàǹtírí. Láti ìgbà yẹn ni nǹkan ti ń yára burú sí i fún un. Inú oṣù keje ni wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn arúgbó tó wà lórí òkè, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Clifford ti fi ṣíbí igi dáná. Ọmọbìnrin kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ yẹn wá bá mi, ó ní, "Màmá, a ò mọ̀ o." Mo ní kó lọ jókòó. Ta ló mọ̀? Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti lọ wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń sùn. Lẹ́ẹ̀kejì kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo bá a lójú fèrèsé, ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Rowena?" Ó yẹ kí n ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wàá rò pé mo ti kọ́gbọ́n. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Wilf." Ó fa àga fún mi. Ó nawọ́ sí òdòdó kan nínú ọgbà, ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè é?"

Rowena, èmi tí mi ò mọ̀ ju róòsì lọ. Mo wo òdòdó náà títí, ó ń wo ojú mi, ó ń dúró, bó ṣe máa ń dúró dè yín kó tó kọ ọ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni Rowena nígbà yẹn. Rowena mọ̀ ọ́n." Ó yí àga rẹ̀, ó kẹ́yìn sí mi.

Mi ò ní kí o wá. Ọ̀nà jìn, nọ́ọ̀sì sì sọ fún mi pé kí o tó dé, orúkọ rẹ náà lè ti lọ. Mo kàn rò pé ó yẹ kí o gbọ́ pé nígbà tí ohun gbogbo ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin mẹ́ta ló dì mú kẹ́yìn, àti pé èmi ni mo máàkì yín bí ẹni ń fi ọmọdé ṣeré.

Kí oòrùn ibẹ̀ má ṣe kọ̀ ọ́. Kí ọmọ rẹ gbẹ̀yìn rẹ, kí ẹni tó máa jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ má ṣe wọ́n ọ, kí onítọ̀hún sì jẹ́ ẹni tí kò ní tàn ọ́. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí o fi Wilf sí níkàáwọ́,

Glenys.

Mo tún rántí: Òdòdó náà ga tó ìbàdí mi. Orí rẹ̀ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù kékeré, ó ní ẹ̀gún, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tó ṣá, ẹ̀yìn ewé rẹ̀ sì funfun. Oyin ò fẹ́ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Jọ̀wọ́, kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá, wọ́n ti gé gbogbo wọn nílẹ̀ nítorí òtútù tó ń bọ̀, wọ́n sì ti gbé àga Wilf kúrò lójú fèrèsé. Kọ ọ́ náà ṣáá. Bírò rẹ̀ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí.